Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí A Ṣe Lè Mú Ẹ̀rọ Orin Inú Ilé Rọrùn fún Tọmọdé Tàgbà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó lọ jìnnà. Bí bàbá ilé bá rìnrìn àjò lónìí, ta ni nínú ilé yín tó lè gbé àwo orin sórí ẹ̀rọ, kí orin sì dún láì ba nǹkan kan jẹ́? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan, a jẹ́ pé ẹ̀rọ orin yẹn kì í ṣe ti ilé. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ̀rọ orin ti di igbó. Ẹ ó bá ańpilifáyà lókè, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ síídì lábẹ́ ìyẹn, ikuwaláísà tí bọ́tìnì ara rẹ̀ tò bí eyín àgbàdo, tọ́ntébù tí wọ́n fi aṣọ bò mọ́lẹ̀, sípíkà mẹ́rin tàbí mẹ́fà, àti wáyà tó lọ́ mọ́ ara wọn bí ejò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Rìmóòtù mẹ́ta wà lórí tábìlì, méjì nínú wọn kò sì ní bátìrì. Àwọn ọmọ kò fọwọ́ kàn án mọ́. Inú fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ orin tiwọn, pẹ̀lú sípíkà kékeré kan tí kò ju agolo mílíìkì lọ. Ìyá wọn ń gbọ́ rédíò ní ilé ìdáná. Àwo bàbá wà nínú páálí, eruku ń jẹ ẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Pásítọ̀, kí ló burú níbẹ̀? Ṣé gbogbo orin kò ti wà nínú fóònù?" Rárá o, gbogbo orin kò sí níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú páálí

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó kọ orin ẹ̀mí ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ó di olóògbé ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n a ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di òní, nítorí pé àwọn kan tọ́jú àwo wọ̀nyẹn. Bí gbogbo ènìyàn bá ti sọ wọ́n sí ààtàn ni, kò sí fóònù tí ì bá dá ohùn náà padà fún wa.

Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwo àwọn olórin ńlá bíi I. K. Dairo, Ebenezer Obey àti Sunny Ade ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ṣùgbọ́n àwo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀nba ńkọ́? Àwo olórin adúgbò tí òkìkí rẹ̀ kò kọjá ìpínlẹ̀ kan ńkọ́? Ẹ sì tún rántí pé àwọn olórin jùjú, sákárà àti àpàlà máa ń pe orúkọ ènìyàn nínú orin wọn, wọ́n a máa kì wọ́n, wọ́n a máa dárúkọ ìyàwó àti ọmọ. Ó lè jẹ́ pé orúkọ bàbá bàbá yín ni wọ́n ń pè nínú àwo tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí ọmọ yín kankan kò sì mọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo opó kan. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn orin. Ó fi àwo tó tó ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tó kún ògiri kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Orin tí wọ́n fi jó níbi ìgbéyàwó wọn wà nínú àwọn àwo náà. Ṣùgbọ́n opó yìí kò mọ bọ́tìnì tí yóò tẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn má baà bàjẹ́ lọ́wọ́ òun. Nítorí náà ilé dákẹ́. Ọkọ yẹn nífẹ̀ẹ́ aya rẹ̀, kò kàn rò ó rí pé ẹlòmíràn yóò nílò láti tan ẹ̀rọ náà ni. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe nígbà tí ẹ ṣì wà láyé.

Bí igbó náà ṣe hù

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá tí a mọ̀ sí LP jáde, èyí tó ń yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwo kékeré tó ń yí ní ìgbà 45 dé. Ní ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ní ọdún 1982, síídì bẹ̀rẹ̀ sí í wà fún títà ní orílẹ̀-èdè Japan, láti ọwọ́ Sony àti Philips. Lẹ́yìn náà ni orin wọ inú kọ̀ǹpútà, ó sì ti ibẹ̀ wọ inú fóònù.

Ní gbogbo ìgbà tí ohun tuntun bá dé, a máa ń ra ẹ̀rọ rẹ̀, a ó sì gbé e lé orí ti tẹ́lẹ̀. A kò yọ ọ̀kan kúrò rí. Ìdí nìyẹn tí kọ́bọ́ọ̀dù fi kún. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju pé kí a yọ ohun tí a kò lò mọ́ kúrò, kí a fi ohun tí a ń lò sílẹ̀.

Ohun mẹ́rin ti tó

Ohun àkọ́kọ́ ni tọ́ntébù kan tí yóò máa yí àwo. Ìkejì ni fóònù kan, tàbí kọ̀ǹpútà kan, fún orin ìgbàlódé. Ìkẹta ni ańpilifáyà kan tí yóò gba orin láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ìkẹrin ni sípíkà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó parí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ọ̀nà méjì ni orin yóò gbà wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni yóò gbà jáde.

Kí ni a ó ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù àti síídì tó kún ilé? Ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kí ó dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa gbọ́ wọn láti inú fóònù. Ẹ tọ́jú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó bá ṣì dára sínú yàrá, kí ẹ lè gbé e jáde nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Kò yẹ kó máa gba àyè ní pálọ̀ nítorí ìgbà kan lọ́dún. Ikuwaláísà náà lè sinmi. Bí sípíkà bá dára, tó sì wà ní àyè rẹ̀, bọ́tìnì méjì tó wà lára ańpilifáyà fún ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ti tó.

Ní ti sípíkà, ọ̀pọ̀ wa rò pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni orin yóò ṣe dùn tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá so sípíkà méjì tí a kọ 8 ohm sí lára mọ́ ojú kan náà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹrù wọn di 4 ohm fún ańpilifáyà. Ańpilifáyà tí wọn kò ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yóò máa gbóná, ó sì lè jó. Sípíkà méjì tó dára sàn ju mẹ́fà tó ń pariwo lọ.

Àwo àti fóònù kò gba ẹnu ọ̀nà kan náà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń rìn nínú ilà ara àwo, ó máa ń gbọ̀n. Orí tí abẹ́rẹ́ náà wà lára rẹ̀ ni yóò sọ gbígbọ̀n yìí di iná mànàmáná kékeré. Iná náà kéré gan-an. Bí a bá pín fólítì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, bíi 5 péré nínú rẹ̀ ni. Ohun tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ síídì tó fólítì 2, èyí tó fi bí ìgbà 400 ju ti abẹ́rẹ́ lọ.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn tó ń ṣe àwo máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n a sì fi kún ohùn òkè, kí ilà ara àwo má baà fẹ̀ jù, kí ariwo eruku sì lè dínkù. Láti ọdún 1954 ni ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní RIAA ti wà fún èyí ní Amẹ́ríkà, òun náà ni ayé sì wá ń lò. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ gbé orin inú àwo jáde gbọ́dọ̀ dá ohùn méjèèjì padà sí ipò wọn.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí, kí a gbé iná kékeré náà sókè, kí a sì tún ohùn ṣe, ni ihò tí a kọ PHONO sí lẹ́yìn ańpilifáyà ń ṣe. Bí ẹ bá ki wáyà tọ́ntébù bọ ihò AUX tàbí CD, orin yóò dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga, kò ní ní ìsàlẹ̀ rárá. Bí ẹ bá sì ki fóònù bọ ihò PHONO, ohùn yóò fọ́, yóò sì máa dun etí. Tọ́ntébù sí PHONO, fóònù sí AUX: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ ọ sórí.

Ọ̀pọ̀ ańpilifáyà tó jáde láti bí ọdún 1990 wá kò ní ihò PHONO mọ́. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ má sọ ọ́ nù. Àpótí kékeré kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin mọ̀ sí phono preamp. Ẹ ó so ó sí àárín tọ́ntébù àti ihò AUX. Àwọn tọ́ntébù tuntun kan ti ní i nínú, wọ́n sì ní bọ́tìnì kékeré kan tí a kọ PHONO àti LINE sí. Bí ẹ bá fi sí LINE, ihò AUX ni kí ẹ lò. Kí á má ṣe lo méjèèjì pọ̀, nítorí ohùn yóò fọ́.

Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń kùn bí oyin nígbà tí àwo kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn tọ́ntébù. Wáyà tín-ín-rín kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó yẹ kí a dè mọ́ ìṣó tí a kọ GND sí lára ańpilifáyà. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá ti dè é, kíkùn náà á dáwọ́ dúró.

Fún fóònù, wáyà kan ti tó láti inú ihò etígbọ̀ọ́ rẹ̀ dé AUX. Bí fóònù yín kò bá ní ihò náà mọ́, ẹ ra ohun ìsopọ̀ kékeré tó bá ihò tí ẹ fi ń gba iná sínú rẹ̀ mu, kí ẹ sì rí i pé ti orin ni. Bluetooth náà dára, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí ìpè bá wọlé sórí fóònù náà, orin yóò dúró lójijì. Fóònù àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fi ń pe ènìyàn mọ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ kó orin sínú rẹ̀, kí ó máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ańpilifáyà. Orin tó ti wà nínú fóònù kò ní jẹ dátà.

Ẹ kíyè sí iná

Ọ̀pọ̀ wa ní ará lókè òkun, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé. Iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ fólítì 230, ti Gẹ̀ẹ́sì sì bá a mu. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí kò lè gba ju 120 lọ bọ iná wa tààrà, èéfín ni ẹ ó rí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ̀rọ tí ń dín iná kù lè yanjú èyí, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè yanjú. Iná Amẹ́ríkà máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ ìgbà 50. Ọ̀pọ̀ tọ́ntébù àtijọ́ ń fi èyí mọ bí wọn yóò ṣe yára tó. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà yóò máa yí àwo LP ní bíi ìgbà 28 dípò 33⅓ bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo olórin yóò sì máa kọrin bí ẹni tí oorun ń kùn. Nítorí náà, kí ará yín tó fi owó ọkọ̀ gbé e wá, ẹ ní kí ó wò ó bóyá a lè yí i sí 50 tàbí bóyá iná inú rẹ̀ kò gbára lé èyí.

Nígbà tí iná bá lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Nígbà tó bá dé, ẹ dúró díẹ̀ kí ó fara rọ kí ẹ tó kì í padà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọdé tú ańpilifáyà wò, bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Iná lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tó lè ṣe ènìyàn léṣe.

Ibi tí a ó gbé e sí

Ẹ jẹ́ kí sípíkà méjèèjì àti àga tí ẹ máa ń jókòó sí ṣe igun mẹ́ta tó dọ́gba. Bí sípíkà bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí ara wọn, kí àga náà fi bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí sípíkà kékeré inú àpótí náà wà ní ọ̀gangan etí ẹni tó jókòó. Ẹ so wáyà pupa mọ́ ojú pupa, dúdú mọ́ dúdú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá ṣì í ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìlù yóò pòórá nínú orin.

Ẹ má gbé tọ́ntébù sórí sípíkà tàbí sórí kọ́bọ́ọ̀dù kan náà tí sípíkà wà. Gbígbọ̀n sípíkà yóò wọ inú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yóò tún dá a padà sí sípíkà, ẹ ó sì gbọ́ igbe. Orí tábìlì tó lágbára, tó tẹ́jú, ni ipò rẹ̀. Irin ìwọ̀n tí àwọn bíríkìlà ń lò lè fi hàn yín bóyá ó tẹ́jú.

Abẹ́rẹ́ àti àwo

Bí owó bá wà láti na lórí ohun kan ṣoṣo, abẹ́rẹ́ tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Abẹ́rẹ́ máa ń gbó. Púpọ̀ nínú wọn ń lo wákàtí 500 sí 1,000. Bí ẹ bá ń gbọ́ odindi àwo kan lójoojúmọ́, tó jẹ́ bí ogójì ìṣẹ́jú, wákàtí 500 yóò pé ní nǹkan bí ọdún méjì. Abẹ́rẹ́ tó ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún ń gé àwo yín bí ọ̀bẹ ni. Bákan náà, ẹ mú owó kọ́bọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ kò nílò ju gíráàmù 1.5 sí 2.5 lọ, owó tí a gbé lé e ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo ju bó ti yẹ lọ.

Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu àwo kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ tò wọ́n ní òró bí ìwé, ẹ má kó wọn lé ara wọn, ẹ má sì fi wọ́n sínú oòrùn tàbí inú mọ́tò, nítorí ooru máa ń ká wọn.

Bí ẹ bá rí àwo àtijọ́ tó wúwo, tó sì ń fọ́ bí àwo oúnjẹ, tó ń yí ní ìgbà 78, ẹ má fi abẹ́rẹ́ LP kàn án. Ilà ara rẹ̀ fẹ̀ ju ti LP lọ, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ má fi sípírítì nù ún, torí yóò bó o. Irú àwo tí Àlùfáà Ransome-Kuti kọrin sí nìyẹn.

Ìdánwò

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ gé ìwé pélébé méjì. Ẹ kọ ÀWO sí ọ̀kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí a kọ PHONO sí níwájú ańpilifáyà. Bó bá jẹ́ àpótí kékeré ni ẹ lò, ibi tí a kọ orúkọ ihò tí ẹ so ó mọ́ sí ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ kọ FÓÒNÙ sí èkejì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ AUX. Lẹ́yìn náà, kí bàbá jókòó, kí ó káwọ́ lẹ́yìn. Kí ó ní kí ìyá ilé, ìyá àgbà àti ọmọ ọdún mẹ́wàá dán an wò níkọ̀ọ̀kan. Tan iná, yan ọ̀nà, gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ tàbí tẹ fóònù. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní láti béèrè ìgbésẹ̀ kẹrin, ohun kan ṣì wà tó yẹ kí a yọ kúrò.

Ẹ má jẹ́ kí a wá jókòó jà lórí èyí tó dára jù láàárín àwo àti orin inú fóònù. Síídì ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní ariwo eruku. Àwo ní ariwo tirẹ̀, ó sì ní páálí tó ní àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí a lè kà. Bí ọmọ bá fi orin tirẹ̀ sí i láti inú fóònù, kí bàbá jókòó gbọ́. Bí bàbá bá fi àwo sí i, kí ọmọ náà jókòó gbọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gbé páálí yẹn jáde. Ẹ mú àwo kan, kí ẹ gbọ́ ojú kan rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí olórin bá ti ń pe orúkọ, ẹ bi í léèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni wọ́n ń kì yìí?" Kí ẹ sì ní bírò lọ́wọ́.